Kìlómítà Márùn-ún Tí Lizardo Rìn Láìkúrò Lójú Kan

Pucaloma,
Ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn tí mo fún wàrà tán.

Nube, ọmọ mi àkọ́bí,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le? Ṣé òtútù ìlú Cuenca kò mú ọ jù, ṣé o sì ń jẹun bó ṣe yẹ? Tí o bá ń béèrè wa, a wà láàyè. Wúndíá Mímọ́ tí mo fi orúkọ rẹ̀ sọ ọ́ kò tíì gbé ojú kúrò lára ilé yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta wá ó ń ṣe mí bíi pé ibòmíràn ló ń wò. Kó máa ṣọ́ ọ. Kó má jẹ̀ẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ yọ̀ lórí àtẹ̀gùn dídán tó wà níbi iṣẹ́ rẹ, kó má jẹ̀ẹ́ kí ẹni tó wà lókè rẹ tẹ̀ ọ́ mọ́lẹ̀, kó má sì jẹ̀ẹ́ kí o gbàgbé ibi tí o ti wá. Àmín. Mo kọ́kọ́ gba àdúrà náà tán kí n tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, kí ìbínú má baà kó wọ inú rẹ̀.

Mo mọ̀ pé mo lè pè ọ́ lórí fóònù. Ṣùgbọ́n fóònù tí o rà fún mi yìí kò lágbára. Gbogbo ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá ti dé ibi tó ń dùn mí, o máa ń ní o kò gbọ́ mi mọ́, fóònù á sì kú. Mo ti gbé e lọ sórí òkè ẹ̀yìn ilé ìjọsìn, mo gbé e sókè ju fìlà mi lọ, mo sọ̀rọ̀ màlúù, o gbọ́, mo sọ̀rọ̀ òjò, o gbọ́, mo ní Lizardo, fóònù kú. Mo rò pé ẹ̀rọ tí kò lè gbé ọ̀rọ̀ wíwúwo ni wọ́n tà fún ọ. Ìwé ní tirẹ̀ kì í kú láàárín ọ̀rọ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ èyí.

Ìròyìn ilé nìyí. Pinta màlúù wa bímọ, abo ni, ó funfun láti orí dé ìrù, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ wú, kò sì lè gun òkè lọ jẹko. Yìnyín bọ́ lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, ó fi ewé pòtétò apá òkè ṣe ìfà jẹ, ti apá odò ló kù. Òrùlé ilé ìdáná ń jò níbi tó ti ń jò tẹ́lẹ̀. Àwọn cuy, eku ọbẹ̀ tí à ń sìn, ń bí sí i lábẹ́ ààrò, wọ́n ń ké, wọ́n ń jẹ koríko, wọn kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mẹ́rin nínú wọn. Èyí tó kù nínú ìròyìn ni ti àbúrò rẹ.

Lizardo kò rìn mọ́. Mi ò sọ pé ẹsẹ̀ ń dùn ún o. Ẹsẹ̀ méjèèjì wà níbẹ̀ bí Ọlọ́run ṣe dá wọn, mo ti fi ọ̀rá àgùntàn ra wọ́n, kò síbi tó wú, kò síbi tó gbóná. Kò kàn rìn mọ́ ni. Ọmọ tó jẹ́ pé láti ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ló ti ń gbé agolo wàrà lọ bá ọkọ̀ tó ń kó o ní ìsàlẹ̀ òkè, tí yóò sì padà dé kí ẹ̀kọ máchica tó jinná, òun ló ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà báyìí tó ń dúró de ẹni tó máa gbé òun dé odò, níbi tí èèyàn lè ju òkúta dé. Mo gbé àgbàdo sísè síwájú rẹ̀, ó ṣa hóró mẹ́wàá jẹ, ó ní òun yó. Bàtà ìje tó ń fi aṣọ nù tẹ́lẹ̀ bí ẹni ń nu ère nínú ilé ìjọsìn ti wà lábẹ́ ibùsùn, adìyẹ ti yé ẹyin sínú ọ̀kan. Ó rí ẹyin náà, kò kó o kúrò. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni, Nube.

O rántí bí ọ̀rọ̀ ìrìn yìí ṣe bẹ̀rẹ̀. Profe Eudoro, olùkọ́ eré ìdárayá ilé ìwé ìsàlẹ̀ òkè, ló rí i lójú ọ̀nà pẹ̀lú agolo wàrà lọ́wọ́, tó wá bá mi nílé pé orókún ọmọ yìí nà gbọọrọ tó bá ń rìn, ẹsẹ̀ kan kì í sì í kúrò nílẹ̀ kí èkejì tó balẹ̀. Mo ní ṣé àìsàn ni. Ó ní rárá o, ẹ̀bùn ni, pé ìje kan wà láyé tí wọn kì í sáré nínú rẹ̀, ìrìn nìkan ni, ẹni tó bá sáré, wọ́n á lé e jáde. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, pé àwọn ará ìlú ti sọ ohun tá a fi ń lọ pọn omi di ìje. Nígbà tó wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi kọ́ra, tí ìdí rẹ̀ ń lọ sọ́tùn-ún, tó ń lọ sósì lójú ọ̀nà, àwọn bàbá tó máa ń yáàrùn níwájú ilé ìjọsìn sọ ọ́ ní Pẹ́pẹ́yẹ. Wọ́n á ní Pẹ́pẹ́yẹ, ṣé odò lò ń lọ ni, bá wa kí àwọn ẹja. Ìgbà tó gba ipò kìíní ní gbogbo ẹkùn, àwọn kan náà ló ń sọ pé Lizardo wa. Èmi ò bá wọn jà. Ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Fi ọ̀rọ̀ yẹn pamọ́ fún mi, mo ṣì ń padà bọ̀ lórí rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní ilé kan wà ní Cuenca tí wọ́n ń kó àwọn tó ń rin ìje sí, wọ́n á fún wọn ní bẹ́ẹ̀dì, wọ́n á fún wọn lóúnjẹ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́, wọ́n á rán wọn níwèé, àti pé ọmọ mẹ́rin ni wọn yóò mú lọ́dún yìí. Gbogbo ohun tó kù ni ìwé láti yàrá àyẹ̀wò eré ìdárayá ti yunifásítì, níbi tí ìwọ Nube ti ń ṣiṣẹ́. Mo kúnlẹ̀ lọ́jọ́ náà. Mo ní Ọlọ́run ti fi ẹ̀gbọ́n sẹ́nu ọ̀nà kí àbúrò tó dé.

O fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ pé kí ìyá fọwọ́ sí i. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta pẹ̀lú ìka mi lábẹ́ ìlà kọ̀ọ̀kan. Ó ní wọn yóò gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lára ọmọ mi, wọn yóò gba mímí rẹ̀, wọn yóò sì fi nọ́ńbà rọ́pò orúkọ rẹ̀. Mo ronú sí i. Láyé mi, ìgbà kan ṣoṣo ni wọ́n tíì ní kí n gbé ọmọ sílẹ̀ fún ẹlòmíràn kí wọ́n sì fún un lórúkọ tuntun, ìyẹn lọ́jọ́ ìsàmì. Mo wá mọ̀ pé àwọn Dókítà yìí fẹ́ di bàbá ìsàmì Lizardo ni. Ta ló máa ń lọ bá bàbá ìsàmì ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ òfo? Mo ṣa cuy mẹ́rin, àwọn tó sanra jù, mo di wọ́n sínú apẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú koríko wọn, mo di pòtétò àpò kan, èyí tí mo fọwọ́ mi ṣà, kò sí èyí tí kòkòrò jẹ nínú rẹ̀.

Lọ́jọ́ náà ọkọ̀ wàrà kò wá. Wọ́n ní táyà rẹ̀ bẹ́. A kò sì lè pẹ́, nítorí o ti ní aago mẹ́wàá ni aago mẹ́wàá. Lizardo gbé àpò pòtétò kọ́ ẹ̀yìn, ó gba apẹ̀rẹ̀ cuy lọ́wọ́ mi nígbà tó rí i pé mo ń mí gúlegúle, a sọ̀ kalẹ̀ lọ sójú ọ̀dà níbi tí bọ́ọ̀sì ti ń gbé èèyàn. Wákàtí mẹ́ta. Kò jẹun, nítorí o ní kó má jẹun. Ó ń kọrin lọ́nà. Ó ń sọ pé, Mama, tí mo bá wọ ilé yẹn, màá bá yín ra òrùlé tuntun.

A dé ọ̀dọ̀ yín. Ilé náà dára, mi ò purọ́. Mo rí ọkùnrin agbábọ́ọ̀lù kan tí wọ́n lẹ àwọn bọ́ọ̀lù funfun kékeré mọ́ lórókún àti ìbàdí, ó ń fò, àwòrán egungun rẹ̀ sì ń fò nínú tẹlifíṣọ̀n láìsí ẹran lára. Mo rí bàbá àgbàlagbà kan tí wọ́n tún ń kọ́ ní bó ṣe máa gun àtẹ̀gùn lẹ́yìn tí wọ́n ti la orókún rẹ̀, ó ń sunkún, ó ń gùn ún, inú mi dùn sí ìyẹn. Mo rí ẹyin ńlá kan tí wọ́n ti ọmọbìnrin kan sínú rẹ̀ tí wọ́n sì pa ìlẹ̀kùn dé, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ yín ní ọ̀rá inú rẹ̀ ni wọ́n ń wọ̀n. Mo dúró díẹ̀ bóyá ó máa pa, ṣùgbọ́n bó ṣe wọlé náà ló jáde.

Lẹ́yìn náà ni ìwọ jáde. Aṣọ funfun, irun dídì sẹ́yìn, ìwé lọ́wọ́. Mo ti na ọwọ́. Dókítà Arízaga ọ̀gá yín dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ, o wo fìlà mi, o wo yẹ̀rì mi, o wo apẹ̀rẹ̀, o wá ní, "Ẹ káàbọ̀, Señora. Ẹ jókòó síbẹ̀ yẹn."

Mo jókòó. Señora, bí ẹni tó ń kí obìnrin tí kò mọ̀ rí. Mo rò pé bóyá òfin ibẹ̀ ni, bí àlùfáà ṣe máa ń pe ìyá tó bí i lọ́mọ nínú ilé ìjọsìn. Mo gbé apẹ̀rẹ̀ fún Dókítà, mo ní bàbá ìsàmì, ẹ gbà. Ó ṣí i, ó rí cuy, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ìyá dáadáa, àwa kì í fi ẹranko ṣe àyẹ̀wò níbí, èèyàn nìkan la máa ń fi ṣe é. Gbogbo yín rẹ́rìn-ín. Ìwọ náà rẹ́rìn-ín, Nube, ìwọ tó jẹ́ pé cuy ni mo fi san án fún olùkọ́ tó kọ́ ọ ní ìwé kíkà. O kò sọ fún un pé ọbẹ̀ ni, pé ọ̀wọ̀ ni. O gbé wọn jáde, mo sì gbọ́ pé ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ló jẹ wọ́n. Kó dára fún un. Òun nìkan ló mọ ohun tí mo gbé wá.

O wá mú ìwé, o ń bi wá ní ìbéèrè. Ọdún mélòó, ìwọ̀n, ṣé àìsàn ọkàn wà nínú ẹbí. O mọ gbogbo rẹ̀, ẹbí rẹ ni, ṣùgbọ́n o ń béèrè, mo sì ń dáhùn bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́ rí. O wá ní, "Ǹjẹ́ ó ti ṣe eré ìdárayá kankan láti àná?"

Mo ní rárá. Lizardo náà ní rárá. Kí ni ká sọ? Eré ìdárayá ni ohun tí wọ́n ń fi súfèé ṣe, tí wọ́n ń wọ ṣòkòtò kékeré ṣe, tí Profe ń ka aago sí. Àwa ò ṣe nǹkan kan. A kàn wá láti ilé ni.

O kọ rárá sílẹ̀.

Ẹ wá gbé e lé orí rọ́bà tó ń yí yẹn. Ẹ fi ìbòmú bò ó nímú lẹ́nu, ọ̀pá rọ́bà kan tibẹ̀ jáde lọ sínú àpótí, o ní mímí rẹ̀ ni àpótí náà ń kà. Wọ́n ń gún un létí, wọ́n ń gba ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan, wọ́n tún ń gún un. Ó ń rìn, ìdí rẹ̀ ń lọ sọ́tùn-ún, ó ń lọ sósì, wọ́n ń pariwo mọ́ ọn pé ṣe é, ṣe é, mo sì jókòó lẹ́yìn gíláàsì mò ń wò ó. Ibì kan náà, ojú kan náà, kò sún mọ́ mi, kò jìnnà sí mi. Ó rìn títí ojú rẹ̀ fi pọ́n, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ó wá gbá irin mú, ó bọ́ sílẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ yín kan wo ara ẹ̀rọ, ó kígbe pé kìlómítà márùn-ún.

Nube, mo ti ro ọ̀rọ̀ yẹn lójoojúmọ́ láti ìgbà náà. Kìlómítà márùn-ún ni láti ilé wa dé ibi ọlọ. Ẹ̀rọ yín ò purọ́, ṣebí yunifásítì ló ni ín. Bẹ́ẹ̀ sì ni ara Lizardo ò kúrò nínú yàrá, èmi ìyá rẹ̀ ló ń wò ó. Tí ohun kan bá wá rìn ní kìlómítà márùn-ún, tí kì í ṣe ara rẹ̀, kí ni? Ẹ̀mí inú rẹ̀ ló lọ. Wọ́n ń pariwo lé e lórí, ó fò jáde, ó gba ọ̀nà lọ, kò sì sẹ́ni tó pè é padà. Ìdí nìyẹn tí èyí tó bá mi wá sílé kì í fi í rìn. Ìwọ náà mọ nǹkan yìí. Nígbà tí o wà lọ́mọ ọdún mẹ́rin, tí ajá lé ọ ṣubú sínú odò, ọjọ́ mẹ́fà ni o kò jẹun, mo mú aṣọ rẹ lọ sétí odò, mo fi na ilẹ̀, mo pè ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta pé Nube, wá ká lọ sílé, o sì jẹun nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Wọn kì í kọ́ yín ní ìyẹn ní yunifásítì, ṣùgbọ́n òun ló jẹ́ kí o dàgbà débẹ̀.

Ìwé èsì dé ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Profe Eudoro ló mú un wá. Ó ní nọ́ńbà mímí Lizardo jẹ́ mẹ́rìnléláàádọ́ta, àti pé ọgọ́ta ni wọ́n ń fẹ́. Mo ní nílé ìwé tiwa mẹ́rìnléláàádọ́ta kì í ṣe ìkùnà. Ó ní kì í ṣe irú èyí. Mo lọ jókòó ti Lizardo lórí ibùsùn rẹ̀ lọ́sàn-án, mo mú ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà, mo ń ka mímí rẹ̀ bí mo ṣe ń ka Ẹ Kí Màríà, nígbà tí mo ka mẹ́wàá tán ó ti mí ní ìgbà méjìdínláàádọ́ta. Mo lọ ka ti Pinta, kò tó bẹ́ẹ̀, kò sì sẹ́ni tó lé Pinta sílé. Mo sọ fún Profe. Ó ní ẹ jọ̀ọ́, Mama Tránsito, ẹ jẹ́ ká fi màlúù sílẹ̀.

Mo wá wo ìsàlẹ̀ ìwé náà, níbi tí ẹni tó ṣe àyẹ̀wò ń fọwọ́ sí. Mi ò lè ka ọ̀rọ̀ gígùn tó wà lókè rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo mọ N kan tí ìwo méjì wà lórí rẹ̀ bí orí màlúù. Èmi ni mo kọ́ ọ ní N yẹn, orí tábìlì ìdáná, pẹ̀lú èédú, nígbà tí a kò ní pẹ́ńsù. Mo jókòó. Mo ti rò pé Dókítà ló sọ pé ọmọ mi ò tó. Ìwọ ni.

Profe rí ojú mi, ó ní kí n má bínú sí ọ, pé ẹ̀rọ ló ń sọ̀rọ̀, ọwọ́ rẹ kàn kọ ọ́ ni. Ó ní òun gan-an ò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, nítorí pé ọmọ tí òun mọ̀ kò kéré tó bẹ́ẹ̀, pé àfi tó bá ti rẹ̀ ẹ́ kó tó gun orí rọ́bà. Mo ní báwo ni yóò ṣe rẹ̀ ẹ́, ọmọ tó ń kọrin, tó gbé àpò pòtétò láti ibí dé ojú ọ̀dà láìdúró sinmi. Mo fi yangàn ni o.

Profe bọ́ fìlà rẹ̀. Ó ní, "Ta ló rìn dé ojú ọ̀dà?"

Mo ní àwa ni, ọkọ̀ kò wá. Ó ní lọ́jọ́ wo. Mo ní lọ́jọ́ àyẹ̀wò. Ó jókòó sórí òkúta ìfọṣọ. Ó wá ṣàlàyé fún mi pé ẹsẹ̀ tó ti sinmi ni wọ́n ń gbé lé orí ẹ̀rọ yẹn, pé ìdí tí wọ́n fi ń béèrè nípa eré ìdárayá nìyẹn, pé ẹni tó bá ti rin wákàtí mẹ́ta pẹ̀lú ẹrù lẹ́yìn, tí kò jẹun, wọ́n á ní kó padà wá lọ́jọ́ mìíràn, àyẹ̀wò tirẹ̀ kì í ṣe àyẹ̀wò. Ó ní ta ló ní kí a dáhùn pé rárá. Mo ní èmi ni. Ó ní ta ló kọ ọ́ sílẹ̀. Mo nawọ́ sí ìsàlẹ̀ ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohun tí mo ṣe ń bínú nìyí, Nube, jẹ́ kí n sọ ọ́ kó tán nínú mi. Èmi kò mọ̀. Bí wọ́n bá bi mí lẹ́ẹ̀kan sí i, rárá náà ni ǹ bá sọ, nítorí nílé wa, ìrìn kì í ṣe nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ìwọ mọ̀. O mọ ohun tí ìbéèrè náà ń wá, o sì mọ ọ̀nà náà, o ti fi ẹsẹ̀ lásán rìn ín. O rí amọ̀ lẹ́sẹ̀ wa. O rí àpò pòtétò. O rí i pé aṣọ àbúrò rẹ tutù lẹ́yìn. Ìbéèrè kan péré ló kù, pé báwo lẹ ṣe dé ibí, ìbéèrè tí àlejò lásán máa ń bi èèyàn. O kò bi wá, nítorí tí o bá bi wá, wàá ti jẹ́wọ́ pé o mọ wá. Ọ̀rọ̀ ìlẹ̀kẹ̀ tí mo ní kí o fi pamọ́ nìyẹn, ìdí ọmọ ẹlòmíràn ni o fi í sí. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ìwọ ni àgbà tó wà lọ́jà lọ́jọ́ náà, o sì yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí Dókítà má baà mọ̀ pé ẹ̀yìn rẹ ni ọmọ náà wà.

Profe ní ọ̀nà kan ló kù. Ọjọ́ Ẹtì yìí ni wọn yóò ti orúkọ àwọn mẹ́rin náà pa. Kí ó tó dìgbà náà, ẹni tó fọwọ́ sí èsì lè kọ̀wé fún ọ̀gá rẹ̀ pé ìdáhùn kan kò tọ́, kí wọ́n tún àyẹ̀wò ṣe. Ó ní ẹlòmíràn kò lè kọ ọ́. Ó tún sọ ohùn rẹ̀ kalẹ̀, ó ní ó lè kó bá ọ, nítorí pé wọn yóò béèrè ìdí tí o fi ṣe àyẹ̀wò fún àbúrò rẹ tí o kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni pé àbúrò rẹ ni, àti pé ọdún yìí ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà ọ́ síbẹ̀. Mo gbọ́. Mi ò ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Mo mọ iye ọdún tí o fi wá iṣẹ́ yẹn.

Nítorí náà mo kọ́kọ́ ṣe tèmi. Mo pe Lizardo sídìí iná, mo sọ fún un pé èmi ni mo ní kó gbé pòtétò, èmi ni mo sọ pé rárá, mo sì ní kó forí jì mí. Ó gbé àwo rẹ̀, ó yí ẹ̀yìn sí mi, ó ń jẹun. Ó jẹ ẹ́ tán ṣá. Lẹ́yìn náà mo mú bébà kan, mo kọ ọ́ sí i pé èmi Tránsito Tenesaca ni mo dáhùn pé ọmọ mi kò ṣe nǹkan kan láti àná, irọ́ ni, ó rin wákàtí mẹ́ta pẹ̀lú ẹrù. Mo fọwọ́ sí i, mo tún tẹ̀ka sí i kó má baà ku ibì kan. Bébà náà wà nínú ìwé yìí.

Aṣọ ìje Lizardo, èyí aláwọ̀ pupa, wà nínú àpò tí mo so mọ́ ìwé yìí. Tí wọ́n bá gbà kó tún wá, sọ fún wọn pé kí wọ́n kọ́kọ́ yí rọ́bà yẹn sẹ́yìn fún kìlómítà márùn-ún, kí ohun tó lọ lè rí ọ̀nà padà kí wọ́n tó ní kó tún lọ síwájú. Tí wọn kò bá gbà, nígbà tí gbogbo wọn bá ti lọ jẹun, tẹ́ aṣọ náà sórí ẹ̀rọ, kí o pè é lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ìwọ fúnra rẹ ni kí o pè é, ohùn rẹ ló gbọ́ kẹ́yìn kó tó lọ. Má sọ nọ́ńbà tí ẹ fún un. Pe orúkọ rẹ̀.

Kò tíì sí lẹ́tà tí mo kọ sí ọ tí mi ò tọrọ owó nínú rẹ̀, mo sì mọ̀ pé o ti ń wá ibẹ̀ láti òkè. Lọ́tẹ̀ yìí mi ò tọrọ kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ, kí òrùlé máa jò. Dọ́là márùn-ún péré ni oògùn ẹsẹ̀ Pinta, tí o bá rí i fi ránṣẹ́, fi ránṣẹ́ sí Pinta, màlúù kò bá ọ jà.

Awakọ̀ ọkọ̀ wàrà ni yóò mú ìwé yìí wá, táyà rẹ̀ ti dára báyìí. Ọ̀la ni yóò dé ọwọ́ rẹ. Yóò dúró de èsì ní ẹnu ọ̀nà yín títí di Ọjọ́rú, mo ti ní kó má béèrè ọ lọ́wọ́ ẹ̀ṣọ́ bí ará ilé rẹ, kó ní Señora kan ló rán òun.

Ọlọ́run yóò bùkún fún ọ, Nube. Yóò bùkún fún ọ tí o bá kọ ọ́, yóò sì bùkún fún ọ tí o kò bá kọ ọ́, mi ò fi ẹnu mi ṣépè fún ọmọ rí, mi ò ní í bẹ̀rẹ̀ lónìí. Wúndíá Mímọ́ á tọ́ ọwọ́ rẹ. Mo fi àyè sílẹ̀ fún ọ lórí bébà yẹn, nísàlẹ̀ orúkọ mi, ó tó N kan pẹ̀lú ìwo rẹ̀ méjèèjì.

Èmi ni,
Tránsito Tenesaca, ìyá rẹ,
tí o pè ní Señora.